Gbogbo Ilé Ló Ń Bọ́ Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́

Ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ gba ìsinmi ni Oníkọ́kọ́rọ́ ti ibi iṣẹ́ dé tó bá ẹranko nínú pálọ̀ rẹ̀. Orí tábìlì tí rédíò rẹ̀ máa ń wà ni wọ́n gbé àgò onírin kan lé, rédíò sì ti wà nílẹ̀ lẹ́bàá ògiri bí àlejò tí wọn ò fún ní àga. Nínú àgò náà, nǹkan kan tó jọ eku, àmọ́ tí ìrù rẹ̀ ò ju kókó òwú lọ, jókòó lórí èérún igi, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú. Hámísítà ni. Àwọn ọmọ kíláàsì ọmọ rẹ̀ ló ni ín, Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì sọ ọ́, torí kò sí ohun jíjẹ tó máa rí tí kò ní kọ́kọ́ kó sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí orí rẹ̀ á wú, kó tó sáré lọ tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí pákó kékeré tó fi ṣe yàrá.

Kó tó bọ́ bàtà ló ti bèèrè ẹni tó gbà á wọlé. Ìyàwó rẹ̀ ní òun ni. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin lobìnrin náà ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, kì í sì í rọrùn fún un láti sọ pé rárá fún ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀. Ó ní nígbà tí Tíṣà ń wá òbí tó máa gba ẹran náà sílé títí ìsinmi á fi parí, gbogbo àwọn òbí yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà wọn, ojú ti òun, lòun bá nawọ́. Oníkọ́kọ́rọ́ pòṣé. Ẹni tí èèyàn ní kó kín òun lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́ yìí. Ká ní ẹran tiwọn ni, bó bá kú, ọmọ kan ni wọ́n máa rẹ̀ lẹ́kún. Ohun olóhun lèyí. Bó bá kú, odindi kíláàsì ló máa wá bi wọ́n léèrè.

Ọmọ ọ̀hún fúnra rẹ̀ ò tíì pé ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n Adájọ́ ni gbogbo ilé ń pè é, torí àtìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ni kì í jẹ́ kí ẹjọ́ kankan kọjá níwájú òun láìdá. Òun ló pe Tíṣà lórí fóònù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tó gbé e sí bàbá rẹ̀ létí, ó ní kí àgbà gbọ́ ọ látẹnu ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Tíṣà ò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní oúnjẹ Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ gan-an ni hóró gbígbẹ tó wà nínú ọ̀rá. Ewé tútù dára fún un, ṣùgbọ́n ìpanu ni: ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó, kó má sì ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Kí wọ́n fi omi lásán fọ̀ ọ́ dáadáa, kí wọ́n nù ún gbẹ, bó bá sì jẹ́ inú fìríìjì ló ti jáde, kí wọ́n jẹ́ kí òtútù ara rẹ̀ lọ. Oríṣi ewé kan ni kí wọ́n dán wò lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n lè mọ èyí tí kò bá a lára mu. Kò gbọ́dọ̀ jẹ àlùbọ́sà tàbí ewé rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ jẹ aáyù, ewé tòmátò tàbí ọsàn. Wọn ò gbọ́dọ̀ já ewé ẹ̀bá ọ̀nà fún un, torí ta ló mọ oògùn tí wọ́n fín sí i, ta ló mọ ajá tó tọ̀ sí i. Èyí tí kò bá jẹ tán, kí wọ́n kó o kúrò, kí wọ́n sì máa yẹ inú àpótí rẹ̀ wò, torí ohun tó bá kó pamọ́ síbẹ̀, ibẹ̀ ló máa rà sí. Ó ní àwọn tó ti pa irú ẹran yìí pọ̀, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi pa á, kì í ṣe ìkà.

Oníkọ́kọ́rọ́ tún gbogbo rẹ̀ sọ fún àwọn ará ilé nídìí oúnjẹ. Ìyàwó rẹ̀ mi orí, Adájọ́ mi orí. Ó yẹ kí mímì orí yẹn ti fu ú lára, torí bí àwọn oníbàárà rẹ̀ náà ṣe ń mi orí nìyẹn bó bá ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má fi agbára yí kọ́kọ́rọ́ tuntun, kí wọ́n tó padà wá pẹ̀lú ààbọ̀ kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, tí wọ́n á ní iṣẹ́ rẹ̀ ò dáa.

Ẹni tí kò mi orí ni ìyá rẹ̀. Màmá ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà tí orúnkún ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Títí tó fi fẹ̀yìn tì, òun ni ọ̀gá àwọn alásè ní ilé ìwòsàn ńlá kan. Ìkòkò tí ọmọdé lè wẹ̀ nínú rẹ̀ ló fi ń se ọbẹ̀, kò sì sí ohun ẹlẹ́mìí tí ebi ń pa tó dé iwájú rẹ̀ rí tó padà lófìfo. Nínú ilé yìí, ìyàwó ọmọ rẹ̀ kì í jẹ́ kó fọwọ́ kan ìkòkò. Ọ̀wọ̀ ni ìyàwó pè é. Màmá ò sọ ohun tí òun pè é. Àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ń jókòó sí láti àárọ̀, àgò Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ sì wá bọ́ sí ọ̀gangan ojú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó mú hóró gbígbẹ kan, ó fi eyín tẹ̀ ẹ́ wò, ó tu ú sọ́wọ́. Ó ní òkúta ni wọ́n ń fún ẹran náà jẹ, ẹran tó ń wo èèyàn lójú bí ọmọ tí wọn ò tíì fún lọ́mú.

Kò pẹ́ tí pálọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Oníkọ́kọ́rọ́ kọ́kọ́ rò pé bàtà òun ni, ó gbé e síta, òórùn náà ò kúrò. Nígbà tó wá ṣí òrùlé àpótí pákó, ó bá ewé tó ti di ẹrọ̀fọ̀ dúdú, ó bá ìdí kùkúńbà tó ti hu èbu funfun, òkìtì rẹ̀ sì ga ju ẹran tó kó o jọ lọ. Ó pe gbogbo ilé jọ. Ìyàwó rẹ̀ ní lóòótọ́ lòun máa ń ju ìdí kùkúńbà sí i bóun bá ń gé e, ṣùgbọ́n kùkúńbà kì í ṣe ewé, ewé sì ni Tíṣà sọ̀rọ̀ lé lórí. Màmá ní ojú òun ò ríran mọ́, báwo lòun ṣe fẹ́ mọ ewé yàtọ̀ sí ìwé. Adájọ́ wo àwọn méjèèjì láti òkè délẹ̀, ó ní ìgbẹ́jọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́.

Oníkọ́kọ́rọ́ fọ àgò náà, ó pààrọ̀ èérún igi, ó tún gbogbo òfin ka fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò tíì pẹ́ tó kà á tán tó fi ká Bàbá Òkè mọ́ ìdí àgò. Bàbá Òkè ni arúgbó tó ń gbé yàrá òkè pátápátá nínú ilé náà. Òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni kó tó fẹ̀yìn tì, àràárọ̀ ló sì máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá ka ìwé ìròyìn wọn torí kì í ra tirẹ̀. Ewé kárọ́ọ̀tì ló ń yọ nínú àpò kóòtù, tó ń tì í gba àárín wáyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ju lẹ́tà sínú àpótí. Oníkọ́kọ́rọ́ bi í bóyá ó tiẹ̀ fọ̀ ọ́. Bàbá Òkè ní òjò rọ̀ lánàá.

Ọ̀rọ̀ náà sú Oníkọ́kọ́rọ́. Ó mú àgádágodo tó kéré jù nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wálé, irú èyí tí wọ́n fi ń ti àpò ìrìnàjò, ó fi ti ilẹ̀kùn àgò pa. Ó mú kọ́kọ́rọ́ kan, ó fún Adájọ́ ní ìkejì. Kò sọ ju pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fún ẹran yìí ní nǹkan kan mọ́, ọ̀rọ̀ parí. Màmá ò bá a jiyàn. Bàbá Òkè ló ń bá sọ̀rọ̀, ní ohùn tó dájú pé ó máa dé ilé ìdáná, pé nígbà tóun wà lẹ́nu iṣẹ́, ọwọ́ òun ni kọ́kọ́rọ́ yàrá oúnjẹ gbogbo ilé ìwòsàn wà, àfi ìgbà tóun dé ilé ọmọ tóun bí lòun wá di ẹni tí wọ́n ń ti nǹkan mọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Oníkọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n kò ṣí àgádágodo. Ohun tó gbàgbé, òun tó ń fi ilẹ̀kùn àti fèrèsé jẹun, ni pé bí ilẹ̀kùn bá tì tí ògiri ò bá dí, asán ni. Àlàfo ni gbogbo ara àgò wáyà. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ewé tún ti wà nínú àpótí pákó, tútù, tí omi ń kán lára rẹ̀.

Ló bá gbé àgò náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Yàrá tóóró kan ni, láàárín ilé ìfọṣọ àti ibi tí wọ́n ti ń ta ìgò ojú. Kọ́kọ́rọ́ kún gbogbo ògiri rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ẹ̀rọ tó fi ń gé wọn sì wà lórí káńtà. Ó gbé Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ sí ìkángun káńtà, ó rò pé ojú òun á máa tó o. Kò ro ti àwọn oníbàárà. Ẹni tó ti ara rẹ̀ mọ́ ìta kì í ní ohun tó máa fi ọwọ́ ṣe títí iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ á fi parí, ọwọ́ tí kò sì rí nǹkan ṣe, inú àgò ló ń bọ̀. Obìnrin kan já ewé létùsì kan nínú àpò ọjà rẹ̀ fún un nígbà tí Oníkọ́kọ́rọ́ tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Ọkùnrin kan yọ ewé tó wà láàárín búrẹ́dì rẹ̀, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata lára rẹ̀. Nígbà tí Oníkọ́kọ́rọ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ọkùnrin náà ní ṣé nítorí kékeré báyìí. Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Kékeré báyìí ni ti ẹni àkọ́kọ́, kékeré báyìí ni ti ẹni tó tẹ̀ lé e, bó bá fi máa di ọ̀sán, kékeré báyìí ti di agbọ̀n kan.

Adájọ́ wá wo ibẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó dúró ti àgò náà nígbà tí bàbá rẹ̀ ń gé kọ́kọ́rọ́, ó rí bí ẹran náà ṣe ń wárìrì nídìí àpótí rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ̀rọ bá han. Ó ní kí bàbá òun máa gbé e bọ̀ nílé. Bàbá rẹ̀ ní ta ló máa ṣọ́ ọ nílé. Adájọ́ ní òun ò mọ̀, ṣùgbọ́n ibí kọ́. Oníkọ́kọ́rọ́ tún gbé e padà. Lójú pópó, bó ṣe gbé àgò sáyà tó ń rìn, èèyàn méjì dá a dúró láti bi í ohun tí ẹran náà máa ń jẹ.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni Adájọ́ wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn òbí rẹ̀. Kò sunkún, kò sì dá ẹjọ́ kankan. Ó kàn ní kí bàbá òun wá wò ó. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ká jọ sí igun kan, ẹ̀yìn rẹ̀ wú, irun rẹ̀ dúró gán-ín gán-ín, ìdí rẹ̀ sì tutù rinrin. Ìgbẹ́ gbuuru ló ń yà. Adájọ́ fi ìka kàn án, kò sá. Ẹran tó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá sín ní ilé kejì ó máa ń sá wọ àpótí, kò tiẹ̀ yí ojú.

Ìyàwó Oníkọ́kọ́rọ́ ti lọ síbi iṣẹ́. Oníkọ́kọ́rọ́ pa ṣọ́ọ̀bù tì lọ́jọ́ tí ọjà máa ń yá jù, ó fi aṣọ ìnura bo àgò, òun àti Adájọ́ sì gbọ̀nà ọ̀dọ̀ dókítà ẹran. Wọ́n dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn kí wọ́n tó gbọ́ ìró ọ̀pá lẹ́yìn wọn. Màmá ti wọ bàtà ìjáde. Oníkọ́kọ́rọ́ ní orúnkún wọn ńkọ́. Màmá ní orúnkún òun ni, kì í ṣe tirẹ̀, ó sì ń bá ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ lọ.

Dókítà náà kì í ṣe àgbà, kì í sì í yára sọ̀rọ̀. Ó gbé Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó tẹ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fa awọ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó ní omi ara rẹ̀ ti ń lọ. Ó wá bèèrè ohun tó ti jẹ. Oníkọ́kọ́rọ́ ní òun ti kìlọ̀ fún gbogbo wọn, òun tiẹ̀ fi àgádágodo sí i. Dókítà ní òun rí àgádágodo náà, ó dára, ṣùgbọ́n kí ló jẹ. Ó yọ àpótí pákó jáde, ó ṣí òrùlé rẹ̀, ó sì da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí bébà funfun.

Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Adájọ́ ló ń fi ìka tọ́ka. Ìdí kùkúńbà yẹn, ti Màámi ni. Ewé kárọ́ọ̀tì yẹn, ti Bàbá Òkè. Létùsì tó ti gbẹ yìí, ṣọ́ọ̀bù ló ti wá. Ìka rẹ̀ wá dúró. Èyí tó pọ̀ jù nínú òkìtì náà ni ẹ̀fọ́ kan tí wọ́n rẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tí gbogbo fọ́nrán rẹ̀ dọ́gba bí ẹni fi rúlà wọ̀n ọ́n. Nínú ilé wọn, ọwọ́ kan ṣoṣo ló lè rẹ́ ẹ̀fọ́ báyẹn. Adájọ́ kó ìka rẹ̀ kúrò lórí bébà, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn.

Màmá ló sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní òun ni.

Dókítà bi í bó ṣe fọ̀ ọ́.

“Omi iyọ̀ ni mo fi fọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta,” ni Màmá wí. “Mo rẹ́ ẹ kéékèèké kí ó lè rọrùn fún un láti jẹ. Mi ò já a lẹ́bàá ọ̀nà, mi ò fi àlùbọ́sà sí i. Bí mo ṣe ń ṣe é fún àwọn aláìsàn nìyẹn.”

Dókítà ò bínú sí i. Ó fa àga kan, ó ní kí Màmá jókòó, ó wá ṣàlàyé. Ó ní inú ẹran yìí ò ju ẹ̀pà kan lọ. Hóró gbígbẹ ni ìfun rẹ̀ mọ̀ ọ́n lò jù. Ewé tó kún ọwọ́ ọmọdé, lójú rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn gbé korobá omi kan mu láìmí ni. Bí omi bá tún wà lára ewé náà, ó di korobá méjì, iyọ̀ tó wà nínú omi sì ń fa omi tó yẹ kó wà lára rẹ̀ jáde. Ó ní yàtọ̀ síyẹn, ó máa ń kó àjẹkù pamọ́ ni, kì í mọ ìgbà tó bà jẹ́, á sì padà wá jẹ ẹ́ ní jíjẹrà. Kì í ṣe ọwọ́ ẹnì kan ló ṣe é. Gbogbo èyí táwọn yìí fún un díẹ̀díẹ̀, ikùn kan ló gbà á.

Màmá gbọ́ ọ tán. Kò wo Dókítà mọ́. Ọmọ rẹ̀ ló kọjú sí.

“O ní kí n má fún un,” ó ní. “O sọ ọ́ ní àárọ̀, o sọ ọ́ lálẹ́, o fi àgádágodo sọ ọ́. O ò sọ ìdí rẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n ṣe ń lé adìyẹ nídìí àgbàdo lo ṣe lé mi. Ká ní o sọ pé inú rẹ̀ ò ju ẹ̀pà lọ, èmi tí mo fi ogójì ọdún wọn oúnjẹ fáwọn tí wọ́n la inú wọn, ṣé mi ò ní gbọ́ ni?”

Inú bí Oníkọ́kọ́rọ́ sí ara rẹ̀, ó sì tún bí i sí ìyá rẹ̀ pé òótọ́ ló sọ, àti pé iwájú dókítà ló ti sọ ọ́. Ó ní kí Màmá máà bínú. Màmá ní òun ò bínú, ohùn rẹ̀ sì jọ ti ẹni tó ń bínú gan-an.

Dókítà ní wọn ò gbọ́dọ̀ fún un ní ewé kankan mọ́, ó kéré tán títí ìgbẹ́ rẹ̀ á fi le tí ara rẹ̀ á sì fi balẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí ara rẹ̀ gbẹ kó sì móoru, kí wọ́n máa pààrọ̀ èérún igi, kí wọ́n sì máa fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ kán omi oògùn sí i lẹ́nu, ẹ̀kán kan lẹ́ẹ̀kan, kó má bàa há a. Dókítà ò fi dá wọn lójú pé ó máa yè. Ó ní irú wọn máa ń tètè lọ.

Nígbà tí wọ́n délé, Oníkọ́kọ́rọ́ ń ronú bó ṣe máa pín iṣẹ́ náà láàárín òun àti ìyàwó rẹ̀. Adájọ́ ò jẹ́ kó ronú tán. Ó gbé síríńjì, ó gbé ìgò oògùn, ó kó wọn lé Màmá lọ́wọ́, ó ní òun ti dá a, Màmá Àgbà ni. Bàbá rẹ̀ yọ kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, ó ṣí àgádágodo kúrò, ó gbé àgò lọ sí yàrá ìyá rẹ̀.

Màmá tún di alásè. Ó wé gèlè funfun mọ́rí bíi tìgbà iṣẹ́, ó gbé àga ti ibùsùn, ó ń kán omi sí ẹran náà lẹ́nu, á dúró, á wò ó bóyá ó gbé e mì, á tún kán an. Orúnkún tí kì í jẹ́ kó dìde mu omi ń gbé e káàkiri yàrá. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ò dáa. Ọjọ́ kejì, Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ò jẹ nǹkan kan, Adájọ́ náà ò sì jẹ. Ìyàwó Oníkọ́kọ́rọ́ ju gbogbo kùkúńbà ilé nù, ó ń wo ilẹ̀ bó bá ń kọjá lẹ́nu yàrá náà. Bàbá Òkè sọ̀ kalẹ̀ wá pẹ̀lú àpò òfìfo tó yí inú rẹ̀ síta kí gbogbo èèyàn lè rí i.

Balùwẹ̀ ni Oníkọ́kọ́rọ́ wà tó ń fá irùngbọ̀n nígbà tó gbọ́ ọ: kẹ̀kẹ́ kékeré inú àgò, tí wọ́n ṣe fún ẹran náà láti máa sáré nínú rẹ̀, ń han bí ilẹ̀kùn tí kò ní òróró. Ó han díẹ̀, ó dákẹ́, ó tún han. Oníkọ́kọ́rọ́ jókòó sétí ọpọ́n ìwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ ní ààbọ̀ ojú. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹran náà ti wọ òun lára tó bẹ́ẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ títí ọṣẹ fi gbẹ mọ́ ọn lójú, tí Adájọ́ ń gbá ilẹ̀kùn pé kó wá wò ó.

Ó yẹ kí wàhálà parí síbẹ̀. Ibẹ̀ ni ti Oníkọ́kọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń yọ́ ewé fún ẹran lánàá ti wá di aṣọ́bodè. Màmá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ yàrá náà láìfọwọ́. Ó lé Bàbá Òkè jáde torí ó ń sọ̀rọ̀ sókè. Ó lé ọmọ tirẹ̀ jáde torí ó wúkọ́, lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀, bí ẹni ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé. Nígbà tí Dókítà wá gbà wọ́n láyè láti dán ewé wò, Màmá rán Oníkọ́kọ́rọ́ lọ ra létùsì. Ó kọ èyí tó kọ́kọ́ rà, ó ní etí rẹ̀ ti pọ́n. Ó kọ èkejì, ó ní ó ń rùn bí oògùn kòkòrò. Ẹ̀kẹta ló gbà, ó sì bi í léèrè ọwọ́ ẹni tó ti rà á àti ibi tẹ́ni náà ti kó o wá, nígbà tí ọmọ rẹ̀ dúró tó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ lórí àtẹ̀gùn. Nínú gbogbo létùsì ńlá náà, ó fọ ewé kan péré nínú omi lásán, ó nù ún, ó dì í mọ́wọ́ títí òtútù rẹ̀ fi lọ, ó wá gé e ní ìwọ̀n èékánná Adájọ́, torí ó ní èékánná òun ti tóbi jù. Oníkọ́kọ́rọ́ ló jẹ ìyókù létùsì náà. Ó tún jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé, Màmá ò gbà kí wọ́n gbé Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ lọ láìsí òun. Ó tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ dé kíláàsì. Ó fa Tíṣà sí kọ̀rọ̀ kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un pé hóró gbígbẹ ni oúnjẹ rẹ̀, pé ìpanu ni ewé, pé kí wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n máa yẹ inú àpótí wò. Tíṣà ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni mà, ẹ ṣeun mà. Oníkọ́kọ́rọ́ ń wo àjà. Nígbà tí Màmá sọ̀rọ̀ tán, Tíṣà bi í bóyá ó lè máa wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ láti fi bí wọ́n ṣe ń fọ ewé tí wọ́n sì ń gé e han àwọn ọmọ. Ó ní àwọn ọmọ kì í gbọ́ tòun mọ́. Màmá ní òun máa kọ́kọ́ wo bí ọwọ́ òun ṣe dí tó. Àtàárọ̀ ọjọ́ kejì ló ti ń bèèrè ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ máa pé.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń dà á láàmú. Kò fọkàn tán ewé ọjà. Ó ní òun ò lè kó ohun tí òun ò mọ oògùn tí wọ́n fín sí i lọ síwájú ọmọ ọlọ́mọ àti ẹran ẹlẹ́ran. Ó ní òun fẹ́ gbin tòun, sínú àpótí, lórí báńkónì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tó kọjú síta. Oníkọ́kọ́rọ́ ní báńkónì ò gbà á. Màmá ní kó ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, ìgbà tó yẹ kó nà sórí àga, ó ń gbé àpò erùpẹ̀ gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú erùpẹ̀ nínú kọ́là ẹ̀wù. Ó gbé àpótí sí apá ọ̀tún báńkónì. Màmá ní oòrùn ò dé ibẹ̀, kó gbé e sí apá òsì. Ó gbé e. Bàbá Òkè yọ orí lójú fèrèsé òkè, ó ní bí òun bá ni, apá ọ̀tún lòun máa gbé e sí, kí atẹ́gùn má bàa lù ú. Màmá gbójú sókè, ó ní nígbà tí Bàbá Òkè ń pín lẹ́tà, ṣé òun bá a dá sí i. Oníkọ́kọ́rọ́ jókòó lórí àpò erùpẹ̀ tó kù, ó ní nígbà tí àwọn méjèèjì bá fẹnu kò, kí wọ́n pe òun.

Wọn ò fẹnu kò. Nígbà tó ṣe, Màmá bu omi wá fún un nínú ife ńlá, ó dúró tì í títí ó fi mu ún tán, ó gba ife náà, ó sì ní kó dìde, apá òsì ni.